Adìẹ Ìrànà Àrínọlá

Mo gun máṣìnì iná láti Àgùdà dé Costain lọ́jọ́ kan, mo sì yára tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji mi kò bá mi dé. Mo dúró dè é lábẹ́ afárá. Nígbà tí ó máa fi yọ, ó ti làágùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Oyèníran, torí Ọlọ́run, máa rọra!"

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn níwájú àwọn ọlọ́kadà mẹ́rìnlá tó ń dúró gba bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ wa ní Àgùdà. Iṣẹ́ wa ni kí á máa gbé ẹrù kiri fún àwọn tó bá fi fóònù pè wá. Máṣìnì wa kì í mu epo. Bátìrì ló ń jẹ, bí ọ̀kan bá tán, a ó yọ ọ́, a ó ki òmíràn bọ̀ ọ́ nínú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Sùnmọ́nù, tí í ṣe ọ̀rẹ́ mi tó tún jẹ́ ọ̀tá mi, fi àṣíborí rẹ̀ lu ògiri. Ìgbà náà ni obìnrin kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tó gbé kọ̀ǹpútà lé orókún, kọjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà mélòó ni máṣìnì yín?"

"Méjìdínláàádọ́rin. Gbogbo Surulere ló mọ̀ ọ́n."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà náà díẹ̀. "Lánàá, láti Àgùdà dé Costain, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì lẹ lò. Ẹ dúró lójú kan fún mọ́kànlá nínú rẹ̀. Oníbọ̀ọ̀lì ló wà níbẹ̀."

Háà! Ẹ wo bí ẹ̀rín ṣe yí padà bọ̀ wá sórí mi.

"Àbí òjìji ẹ ni ebi ń pa?" ni Sùnmọ́nù wí.

Ara mi gbóná débi pé wọ́n lè fi mí yan bọ̀ọ̀lì náà. Mo ní, "Ta nìyí? Ta ló pe eléyìí sọ́rọ̀?"

"Àrínọlá ni wọ́n ń pè mí. Ọ́fíìsì Yaba ni mo ti wá. Èmi ni mo ń fi ọpọlọ tuntun ránṣẹ́ sí máṣìnì yín."

Ọ̀tá tí a ti ń wá nìyẹn! Gbogbo máṣìnì wa ló ní ọpọlọ kékeré nínú, òun ló ń sọ fún un bí yóò ṣe sáré, bí yóò ṣe dúró, bí yóò ṣe jẹ bátìrì. Bí àwọn ará Yaba bá ti se ọpọlọ tuntun jinná, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbà fi ránṣẹ́, bí ẹni ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Oṣù tó kọjá ni ọ̀kan dé. Máṣìnì tó ń sá àádọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan kò kọjá márùndínlọ́gọ́ta mọ́. A sùn ní ẹlẹ́ṣin, a jí ní ẹléwúrẹ́.

"Ṣé ìwọ lo gé wa lẹ́sẹ̀?" ni mo bi í.

"Èmi ni. Ẹni mẹ́ta ló fi eré já sábẹ́ ọkọ̀ láàárín oṣù méjì. Bí mo bá rí i pé ó yẹ, n ó tún gé e sí i."

"Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́!"

"Ẹ padà sídìí bọ̀ọ̀lì yín, Ẹ̀gbọ́n."

Mo kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, abọ́ ẹ̀bà mẹ́ta péré ni mo rí jẹ. Ibi tí mo bá yíjú sí, ojú rẹ̀ ni mo ń rí. Mo ní, ìkórìíra yìí mà lágbára o.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ́fíìsì: "Máṣìnì 68 ti wọ ẹgbẹ́ Aṣáájú."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo sáré bá ìyá mi nínú ilé. "Màámi! Wọ́n ti fi mí ṣe aṣáájú!"

Màámi jó láti pálọ̀ dé ilé ìdáná. Wọ́n pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ tún pe àwọn tó wà ní Ìlọrin. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tí n kò rí láti ọdún méje ti ń gbàdúrà fún mi lórí fóònù pé kí n má gbàgbé ilé. Lọ́jọ́ kejì, mo so táì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, mo lọ jókòó sórí àga ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba bátìrì kọ́kọ́ kí mi ní "sà."

Sùnmọ́nù wò mí títí. Ó ní, "Aṣáájú? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Máṣìnì mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọpọlọ tuntun sí. Bí àwọn mẹ́wàá yẹn ò bá kú láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọn á fi sí àádọ́ta. Bí àádọ́ta ò bá kú, ó di ti gbogbo wa. Níran, adìẹ ìrànà ni ọ́! Ìyẹ́ ẹ ni wọ́n ń tu lọ níwájú òkú!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní Kútọ̀nu.

N kò bọ́ táì. Bí mo ṣe wà ni mo ṣe gbọ̀nà Yaba. Mo já wọ ọ́fíìsì Àrínọlá bí ẹ̀fúùfù.

"Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi fẹ́ fi mí ṣe adìẹ ìrànà?"

"Ẹ jókòó."

"N ò jókòó!"

"Ẹ wà lórí ìdúró nígbà náà." Ó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí mo bá bi àwọn mẹ́sàn-án tó kù pé báwo ni máṣìnì, 'kò burú, mà' ni wọ́n máa ń wí. Máṣìnì á ti fẹ́ dà wọ́n sí kòtò, wọn á ṣì ní 'kò burú, mà.' Ẹ̀yin nìkan lẹ bú mi lójú mi. Ẹni tó lè bú mi ni mo ń wá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, obìnrin kan ò yìn mí tó báyẹn rí. Ìbínú mi yọ́ bí òrí tí wọ́n sá sóòrùn.

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní orí máṣìnì ní yàrá méjì. Ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ wà nínú ọ̀kan, tuntun á wọ èkejì. Bí tuntun bá ya wèrè, òun lè jí ti àtijọ́ padà láti Yaba níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n nígbà tí ọpọlọ bá ń wọlé tàbí tó bá ń padà, iná búlúù á máa ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú méjìlá ni. Kò ní gbé yín lọ síbì kankan, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ọkàn mi náà ní yàrá méjì," ni mo wí. "Méjèèjì ló ṣófo."

"Ẹ lọ fi àpò sìmẹ́ǹtì kún un."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jà nìyẹn, oṣù márùn-ún gbáko. Bí ọpọlọ tuntun bá ti wọ máṣìnì mi, n ó gùn ún, òun á pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n Níran, báwo ni bíréèkì?"

"Ó mú débi pé ayé gan-an dúró. Oòrùn forí sọ ìkùukùu."

"Bíréèkì ni mo bi yín!"

"Ẹja inú ọ̀sà yọjú, wọ́n ń júbà mi."

Pà! Á gé fóònù. Kò ní pé ìṣẹ́jú méjì, á tún pè, á bú mi, èmi náà á bú u. Mo pè é ní Ìyá Agẹ́sẹ̀. Ó pè mí ní Bàbá Oníbọ̀ọ̀lì. Ọjọ́ kan tí mo sọ fún un pé máṣìnì mi bímọ, inú bí i gidi gan-an. Ó pariwo, "Ìwọ yìí, orí ẹ ò pé!"

Láti ọjọ́ tí a ti mọra, "ẹ̀yin" ni ó ń fi bú mi. "Ìwọ" ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, ó sì dùn létí mi ju "olówó orí mi" lọ.

"Àrínọlá," ni mo wí, "tún pè mí bẹ́ẹ̀."

"Orí ẹ ò pé," ni ó wí. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó wí i lọ́tẹ̀ yìí.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sà sí. Mo lọ sọ fún un níwájú ọ́fíìsì, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń gbọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Èmi náà fẹ́ràn ẹ, Níran. Inú sì ń bí mi."

"Sí ta ni?"

"Sí ara mi." Ó nu ojú. "Gbọ́. Ọ̀kadà elépo ni bàbá mi ń tún ṣe ní Mushin. Wọ́n ti búra pé ọlọ́kadà kankan ò ní fẹ́ ọmọ àwọn, torí àwọn ni wọ́n ń rí i bí ẹ bá ti já sí kòtò tán. Mo lè bá bàbá mi jà nítorí ọlọ́kadà. N ò lè bá wọn jà nítorí òpùrọ́. Jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo fún mi láì fi ata sí i, láì fi iyọ̀ sí i. Ọjọ́ náà ni n ó mú ọ lọ sílé wa."

"Kan ṣoṣo? N ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá!"

"Ṣé o rí ara ẹ báyìí?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọpọlọ tuntun mìíràn wọlé. Àrínọlá pè mí, ohùn rẹ̀ le. Ó ní ti bíréèkì ni: bí a bá tẹ̀ ẹ́, á máa dá iná padà sínú bátìrì, òun ò sì mọ̀ bóyá bátìrì tó ti kún á gbà á. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù, ojú ọ̀nà títẹ́jú ni wọ́n ń gùn. Èmi ni òun fi orí òkè sílẹ̀ fún. Kí bátìrì mi kún fọ́fọ́, kí n gun afárá Costain, kí n tẹ bíréèkì lágbedeméjì òkè, kí n wò ó bóyá máṣìnì á tún gbéra. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọjọ́rú ni mo gba bátìrì tó kún, mo gbéra. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, Costain ni mo ń lọ. Ṣùgbọ́n télọ̀ mi ní Àgùdà pè mí pé agbádá ti délẹ̀, kí n wá wọ̀ ọ́ wò. Ẹ má bi mí pé agbádá kí ni. Agbádá tí n ó fi rí àna ni. Mo ti gbé aṣọ fún un kí Àrínọlá tó gbà rárá.

Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni n ó lò. Mo wọ agbádá náà, mo wo dígí. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ọkùnrin tí mo rí nínú dígí yẹn, èmi gan-an ìbá fún un lọ́mọ. Ọrùn fún díẹ̀, télọ̀ tún un ṣe. Ọwọ́ gùn díẹ̀, ó tún un ṣe. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ wo ẹ̀yìn, mo tún wo iwájú. Aago mẹ́rin lù.

Fóònù dún. "Níran, báwo ni Costain?"

Mo fẹ́ sọ nǹkan ńlá, bí mo ti máa ń ṣe. Ojú tì mí. Kékeré nìkan ló rí ọ̀nà jáde.

"Mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú. Ó tún gbéra."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?"

"Ìyẹn nìkan ni."

"Kò sí ẹja? Kò sí oòrùn?"

"Kò sí."

Mo gbọ́ tí ó ń fa imú. Ó ń sunkún. "Olólùfẹ́ mi," ni ó wí, "o ti sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Wá sílé wa ní Sátidé."

Gbogbo erin tí mo ti pa fún un láti oṣù márùn-ún, kò gba ọ̀kan gbọ́. Eku kan ṣoṣo tí n kò pa, òun ló gbà lọ́wọ́ mi tayọ̀tayọ̀. Ó yẹ kí n pè é padà. Ọwọ́ mi dé orí fóònù. Mo tún wo dígí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó fi ọpọlọ náà ránṣẹ́ sí àádọ́ta máṣìnì.

Sátidé, mo ya fọ́tò agbádá mi, mo jù ú sí gúrúùpù gbogbo ọlọ́kadà wa: "Aṣáájú ti gbọ̀nà ilé àna, ilé Bàbá Ọlápàdé mẹkáníìkì ní Mushin. Kí ìlara má pa yín."

Àgbàlá Bàbá Ọlápàdé, egungun ọ̀kadà ló kún ibẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì dúdú.

"Dìde," ni Bàbá wí. "O ti bá mi nu ilẹ̀ tán."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na sípánà sí máṣìnì mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Nǹkan tí kì í dún, tí kì í rú èéfín. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ohun tí kò bá dún ti kú. Ẹ̀yin lẹ gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Kí ni iṣẹ́ ẹ?"

Àrínọlá ti kọ́ mi lóhun tí n ó wí. Ọ̀rọ̀ náà ò ju ẹyọ mẹ́ta lọ: ọlọ́kadà ni mí. Ó dúró ti bàbá rẹ̀, ó ń fi ojú gbà mí níyànjú. Mo la ẹnu.

"Aṣáájú ni mí, sà."

"Aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì wo?"

"Ti máṣìnì, sà. Kò sí ọpọlọ kan tó lè dé orí máṣìnì kankan ní Èkó yìí tí kò kọ́kọ́ gba ọwọ́ mi kọjá."

Bàbá yí ojú sí ọmọ wọn. "Abẹ́ ọkùnrin yìí lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Bàbá, ọlọ́kadà ni," ni Àrínọlá wí. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Ọlọ́kadà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa ni. Níran, sọ fún wọn."

"Mo gun ọ̀kadà nígbà kan rí, sà," ni mo wí. "Ó ti pẹ́."

Àrínọlá pa ojú dé.

Ariwo bẹ́ lójú títì. Àwọn ọlọ́kadà wa mẹ́fà ń ti máṣìnì bọ̀, òógùn bò wọ́n. Sùnmọ́nù ló ṣáájú, ṣòkòtò rẹ̀ ya lórókún, ẹ̀jẹ̀ ń sun.

"Ibo ló wà? Ibo ni Aṣáájú wà?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Àrínọlá bi í.

"Mo gun afárá Costain, bátìrì mi kún. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já sí mi níwájú, mo tẹ bíréèkì, máṣìnì kú sí mi nídìí! Tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn! Mo ju ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Tírélà gun àpótí ẹrù mi kọjá." Ó nawọ́ sí mi. "Àwọn ará Yaba ní ẹnì kan ti gùn ún wò lórí òkè!"

Bàbá Ọlápàdé gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má pariwo nílé mi. Ọ̀gá yín nìyí, ẹ bi í."

"Ọ̀gá wo? Èyí? Bàbá, ọlọ́kadà bíi tiwa ni. Adìẹ ìrànà ni!"

Àrínọlá ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí ìjókòó ọ̀kadà kan tí kò ní táyà. Kò pariwo. Ó kà á sókè bí ẹni ń ka Bíbélì níwájú ìjọ.

"Máṣìnì 68. Ọjọ́rú. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ó dúró ní Àgùdà. Aago kan, ó wà ní Àgùdà. Aago mẹ́rin, ó ṣì wà ní Àgùdà." Ó gbójú sókè sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò yín báyẹn láé. "N kò wò ó. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, iṣẹ́ tí o jẹ́ fún mi yìí nìkan ni n kò wò kí n tó gbà á gbọ́. Níran, ibo lo wà?"

Òtítọ́ wà lórí ahọ́n mi. Mo mọ adùn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo wà, nítorí tìẹ ni, dárí jì mí. Mo la ẹnu kí ó bọ́ jáde.

"Abújá," ni mo wí. "Ìjọba ló ránṣẹ́ pè mí."

Bàbá Ọlápàdé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú sípánà tó tóbi jù.

Mo fò sórí máṣìnì mi. Mo yí ọwọ́ rẹ̀. Kò mira. Iná búlúù ń ṣẹ́jú níwájú mi, pẹ́, pẹ́. Ọpọlọ àtijọ́ ló ń padà sínú rẹ̀, Àrínọlá ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ká agbádá mọ́ àyà, mo fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàtà kan kù sínú ọ́ìlì. Mo fo gọ́tà, mo fo òmíràn. Bàbá ń bọ̀, Sùnmọ́nù ń tiro bọ̀, àwọn márùn-ún ń bọ̀, àwọn aládùúgbò tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà dara pọ̀, wọ́n ń ké, "Ẹ mú un! Ẹ mú un!"

Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo ayé ló ń lé mi, àfi ẹnì kan. Àrínọlá kúnlẹ̀ ti kọ̀ǹpútà nínú ọ́ìlì, ó ti fóònù mọ́ etí, ó ń bẹ àwọn tó wà lójú ọ̀nà, "Ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má gùn ún." Omijé ń kán sórí bọ́tìnnì, ó ń fi apá aṣọ nù ún, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n túbọ̀ sáré.